Ọmọbìnrin kékeré àti ijó aṣọ ṣaworo àwọn Anishinaabe: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn òbí Yorùbá tó ń gbé ní Minneapolis, Winnipeg, Thunder Bay àti agbègbè wọn ló máa ń béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí. Àwọn kan fẹ́ ọmọ Anishinaabe, ọmọ àwọn mìíràn sì rí ijó náà níléèwé, ọkàn rẹ̀ sì fà sí i. Mo kó ìbéèrè wọn jọ síbí. Àṣà yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú, nítorí náà ohun tí ìyá àgbà ìlú tí ọmọ yín ti ṣẹ̀ wá bá sọ ló lékè ohun tí mo kọ.

Àwọn wo ló ń jẹ́ Anishinaabe?

Ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n, ní àyíká àwọn Adágún Ńlá tó wà láàárín Amẹ́ríkà àti Kánádà. Àwọn Ojibwe, Odawa àti Potawatomi wà lára wọn. Ẹ ó bá wọn ní Minnesota, Wisconsin, Michigan, Ontario àti Manitoba, lórí ilẹ̀ tí a yà sọ́tọ̀ fún wọn àti láàárín ìgboro pẹ̀lú. Anishinaabemowin ni èdè wọn. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n tún máa ń pe àwọn Ojibwe ní Chippewa, nítorí náà bí ẹ bá rí orúkọ yẹn lára pátákó, àwọn kan náà ni.

Irú ijó wo ni ijó aṣọ ṣaworo?

Ijó obìnrin ni, ijó ìwòsàn sì ni. Wọ́n to ṣaworo sára aṣọ náà ní ìlà-ìlà láti èjìká dé ìsàlẹ̀. Ṣaworo yìí kò ní ọmọ nínú. Páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a ká bí ìwo kékeré ni, wọ́n sì fi ríbọ́ọ̀nù so ó rọ̀ kí èyí lè máa lu èyí nígbà tí oníjó bá gbé ẹsẹ̀. Ohun tí àwọn Anishinaabe gbà ni pé inú ìró yẹn ni àdúrà wà. Ẹni tó ń jó kì í jó fún ara rẹ̀ nìkan; aláìsàn tó wà nílé, ẹni tó wà ní ọsibítù, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, gbogbo wọn ló ń jó fún.

Ibi tí ẹ ti máa rí i jù ni powwow, àpéjọ onílù àti oníjó tí wọ́n máa ń ṣe jù lọ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn níbẹ̀ (summer). Wọ́n tún máa ń jó o níbi ìsìnkú, níbi ìrántí òkú, àti níbi tí ìbànújẹ́ bá ti ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ọlọ́pàá pa George Floyd ní Minneapolis lọ́dún 2020, àwọn obìnrin aláṣọ ṣaworo lọ jó ní oríta tó kú sí.

Báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀?

Ìgbà àjàkálẹ̀ àrùn influenza ọdún 1918 ni, àrùn kan náà tó bá ọkọ̀ ojú omi wọ Èkó lóṣù September ọdún yẹn. Nílẹ̀ Anishinaabe, ọmọbìnrin kékeré kan dùbúlẹ̀ àìsàn tí kò sí ẹni tó rò pé yóò là á já. Bàbá rẹ̀ lá àlá. Àwọn mìíràn ní bàbá àgbà rẹ̀ ni. Ó rí àwọn obìnrin mẹ́rin lójú àlá nínú aṣọ tó ń dún bí wọ́n ti ń rìn. Wọ́n fi bí a ṣe ń rán aṣọ náà hàn án, wọ́n kọ́ ọ ní orin rẹ̀, wọ́n sì jó o lójú rẹ̀.

Nígbà tó jí, àwọn obìnrin ilé rán aṣọ náà, wọ́n sì wọ̀ ọ́ fún ọmọ. Ní alẹ́ ijó, wọ́n kọ́kọ́ gbé e yí agbo ká nítorí kò lè dìde. Nígbà tí orin kejì àti ìkẹta dé, wọ́n dì í mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó ń rìn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń jó. Báyìí ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbo ilé kọ̀ọ̀kan ní bí tirẹ̀ ṣe lọ.

Ìlú tó ju ẹyọ kan lọ ló ní ìtàn yìí. Àwọn ará Mille Lacs ní Minnesota ní tiwọn, àwọn ará Whitefish Bay ní Ontario náà ní tiwọn. Maggie White ni orúkọ tí àwọn ará Whitefish Bay máa ń dá fún ọmọbìnrin náà. Ẹ má ṣe gbìyànjú láti dá ẹjọ́ èyí tó jẹ́ òótọ́ jù. Kí ọmọ yín kọ́ ti ìlú rẹ̀ dáadáa, kó sì bọ̀wọ̀ fún ti àwọn yòókù. Brenda Child, òpìtàn ọmọ Ojibwe láti Red Lake tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Minnesota, ti wo àwọn fọ́tò àtijọ́, kò sì rí aṣọ náà nínú èyí tó ṣáájú nǹkan bí ọdún 1920. Lọ́dún 2019, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Mille Lacs Indian Museum ṣe ìpàtẹ ọgọ́rùn-ún ọdún aṣọ náà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú gbogbo èyí ni pé ara ọmọdé ni aṣọ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ yín bá wọ̀ ọ́, kì í ṣe pé ó ń fara wé àgbàlagbà. Ọmọ bíi tirẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ rán an fún.

Ṣé òótọ́ ni pé ìjọba ti fòfin de ijó wọn rí?

Òótọ́ ni. Ní 1921, Charles Burke, ọ̀gá àgbà ìjọba Amẹ́ríkà lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀, kọ ìwé àṣẹ Circular 1665 sí àwọn aṣojú rẹ̀ pé kí wọ́n tẹ ijó ìbílẹ̀ rì. Ọdún 1934 ni àṣẹ yẹn tó ká kúrò nílẹ̀. Ní Kánádà, òfin Indian Act ti ń dí irú ayẹyẹ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ láti nǹkan bí ogójì ọdún ṣáájú ìwé àṣẹ Burke, 1951 ni wọ́n sì tó yọ ìdè náà. Òfin tó dáàbò bo ẹ̀sìn àwọn ọmọ onílẹ̀ ní Amẹ́ríkà kò dé títí di 1978.

Ẹ fi ọdún wọ̀nyẹn wéra. Àsìkò tí ìjọba ń lé oníjó kiri gan-an ni aṣọ ṣaworo jáde, àwọn obìnrin kò sì dá ijó dúró. Láàárín ìgbà kan náà ni wọ́n ń kó àwọn ọmọ wọn lọ sí iléèwé tí wọn ò ti gbọ́dọ̀ sọ èdè ìyá wọn. Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà tó jókòó létí agbo lónìí, ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ àwọn tó kọjá nírú iléèwé bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹ bá rí ọ̀kan tó ń sunkún nígbà tí ọmọ ọdún márùn-ún ń jó, ohun tó ń rí nìyẹn.

Ṣé aṣọ eré ni?

Rárá. Bí ẹ kò ti ní pe ẹ̀kú egúngún ní aṣọ eré lójú àwọn ará ilé tó ni ín, ẹ má ṣe pe èyí náà bẹ́ẹ̀. Ẹ kì í fọwọ́ kan aṣọ ẹlòmíràn láìgba àṣẹ, kódà bí ṣaworo rẹ̀ bá wu ọmọ yín láti mì. Èyí ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ kékeré lè gbà, ó sì máa ń tètè yé e.

Ọmọ ọdún mélòó ló lè bẹ̀rẹ̀?

Kò sí ọjọ́ orí kan pàtó. Mo ti rí ọmọ ọwọ́ tí ìyá rẹ̀ gbé jó, tòun ti aṣọ ṣaworo kékeré lọ́rùn rẹ̀. Níbi powwow, wọ́n máa ń fi àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà sí ọ̀wọ́ kan tí wọn kì í díje, gbogbo wọn ló sì máa ń gba nǹkan díẹ̀ lọ sílé. Lẹ́yìn náà ni ọ̀wọ́ ọmọbìnrin kékeré títí dé nǹkan bí ọdún méjìlá, tẹ̀ lé e ni ti àwọn ọ̀dọ́, kó tó kan àgbà.

Ohun tó ṣe pàtàkì ju ọjọ́ orí lọ ni pé òun fúnra rẹ̀ ló béèrè.

Ọ̀dọ̀ ta ni a ó ti kọ́kọ́ béèrè?

Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ìdílé rẹ̀: ìyá àgbà, ìyá, àwọn àǹtí, ẹ̀gbọ́n tó ti ń jó. Bí kò bá sí oníjó nínú ilé, ẹ lọ bá obìnrin àgbà kan tí àwọn ará ìlú mọ̀ mọ́ ijó yìí. Nílùú ńlá, àwọn ilé ìpàdé àwọn ọmọ onílẹ̀ wà tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọdé ní ìlù, ijó àti aṣọ rírán ní ìrọ̀lẹ́. Minneapolis American Indian Center tó wà ní òpópónà Franklin jẹ́ ọ̀kan.

Ẹ mú tábà dání. Wọ́n ń pè é ní asemaa, òun ni wọ́n sì fi ń tọrọ ohun pàtàkì lọ́wọ́ àgbà. Ẹ dì í sínú aṣọ kékeré tàbí kí ẹ gbé e bó ṣe wà nínú ọ̀rá, kí ọmọ fúnra rẹ̀ nà án sí ìyá àgbà pẹ̀lú ohun tó fẹ́ tọrọ lẹ́nu. Ẹ kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yín, kí ẹ tó nà án: ẹni tó bá gbà á ti gbà láti ṣe ohun tí ẹ bẹ̀ ẹ́. Bí kò bá gbà á, ẹ má fi agbára mú un. Owó kì í dípò tábà. Bí ẹ bá fẹ́ fún un ní owó ọkọ̀ tàbí oúnjẹ, ìyẹn yàtọ̀, ó sì dára.

Kí ló yẹ kó kọ́kọ́ kọ́: ìtàn, ẹsẹ̀, àbí kí a ti rán aṣọ?

Èrò tèmi ni pé kí aṣọ kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ òbí máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọjà, nítorí aṣọ ni ojú rí. Ọmọ á ní aṣọ, kò ní mọ ẹni tó ń jó fún. Bí ìtàn bá ti ṣáájú, gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e ló máa ní ìdí: ó mọ ìdí tí kò fi gbọ́dọ̀ fò sókè, ó mọ ìdí tí wọ́n fi ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ so ṣaworo, ó sì mọ ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń dìde.

Etí ló tẹ̀ lé ìtàn. Ẹ jẹ́ kó jókòó ti onílù, kó gbọ́ bí aṣáájú orin ṣe ń gbé e, bí àwọn yòókù ṣe ń gbè é, àti ibi tí ìlù ti ń dún kíkan láàárín orin. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹsẹ̀. Ó lè fi bàtà àti síkẹ́ẹ̀tì lásán jó fún odidi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan létí agbo, kò sí ẹni tó máa lé e.

Báwo ni wọ́n ṣe ń gbé ẹsẹ̀?

Ẹsẹ̀ kì í jìnnà sí ilẹ̀. Ní ọ̀nà àtijọ́, ẹsẹ̀ kan gbọ́dọ̀ máa wà lórí ilẹ̀ nígbà gbogbo, nítorí náà kò sí fífò. Oníjó á tẹ iwájú ẹsẹ̀, á rọ orúnkún díẹ̀, á sì máa rìn ní kọ́lọkọ̀lọ yí agbo ká bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Kì í fi ẹ̀yìn rìn, kì í yí ara rẹ̀ po, kì í sì í fi ẹsẹ̀ kan kọjá iwájú èkejì. Ìró ṣaworo ló ń tọ́ka bóyá ó ṣe é dáadáa: bí gbogbo rẹ̀ bá dún papọ̀ lórí ìlù, ó ti wọlé, bí ó bá ń dún wọ́rọwọ̀rọ lẹ́yìn ìlù, ó ń sáré ju bó ṣe yẹ.

Orin ìrìn tààrà wà, orin ìrìn ẹ̀gbẹ́ náà sì wà. Tí orin ìrìn ẹ̀gbẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, gbogbo oníjó á kọjú sí àárín agbo, wọ́n á sì máa sún lọ sí ọwọ́ òsì, gìgísẹ̀ àti ìka ẹsẹ̀ pọ̀. Orin yìí dára fún ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ nítorí ó lè dúró láàárín àgbà méjì kó máa wo ẹsẹ̀ wọn.

Ọwọ́ máa ń wà ní ìbàdí. Ṣùgbọ́n nígbà tí onílù bá lu àwọn ìlù kíkan láàárín orin, oníjó á na ọwọ́ kan sókè. Àdúrà ló ń gbé sókè, ìwòsàn ló sì ń gbà sílẹ̀. Bí ọmọ kò bá tíì mọ nǹkan mìíràn rárá, kó mọ èyí. Ìkejì tí mo máa ń tẹnu mọ́ ni ìparí: kí ẹsẹ̀ dúró pẹ̀lú ìlù ìkẹyìn, kó má ṣe lé e kọjá. Ẹ lè máa fi orin tó wà lórí fóònù dá a lára yá nínú yàrá ìdáná ní ìrọ̀lẹ́.

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ti àtijọ́ àti ti òde òní?

Ti àtijọ́ ni mo ṣàpèjúwe lókè: ẹsẹ̀ nílẹ̀, ọwọ́ ní ìbàdí, kò sí ìyẹ́ lórí, kò sí abẹ̀bẹ̀ ìyẹ́. Nínú ti òde òní, ẹsẹ̀ ń yára, ó ń kọjá ara wọn, oníjó lè yí po, ó sì máa ń mú abẹ̀bẹ̀ ìyẹ́ dání pẹ̀lú ìyẹ́ lórí. Láti nǹkan bí ọdún 1980 síwájú ni ijó náà ti tàn kálẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ mìíràn jákèjádò Amẹ́ríkà àti Kánádà, tí ìdíje sì gbòòrò.

Ti àtijọ́ ni màá fi bẹ̀rẹ̀ fún ọmọ. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè kọ́ ti òde òní nígbà tó bá fẹ́.

Ṣaworo mélòó ló yẹ kó wà lára aṣọ ọmọdé?

Ẹ ó gbọ́ 365 lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọdún, pẹ̀lú àdúrà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìdílé kan máa ń so ọ̀kan lójúmọ́ títí ọdún á fi yí po. Ẹ̀kọ́ tó jinlẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin fún gbogbo ìlú, ara ọmọ ọdún mẹ́rin kò sì lè gbé ìwọ̀n yẹn. Ìlà méjì tàbí mẹ́ta ní ìsàlẹ̀, ọ̀kan ní àyà, díẹ̀ ní apá: ó tó láti dún. Ẹ máa fi kún un bó ṣe ń dàgbà.

Ọmọrí agolo aṣáà ni wọ́n fi ń ṣe é láyé àtijọ́, wọ́n á ká a bí ìwo. Àwọn kan ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń ra èyí tí wọ́n ti ká tẹ́lẹ̀, aláwọ̀ fàdákà tàbí wúrà.

Ṣé a lè rán an fúnra wa, àbí ká rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ẹ rán an, pẹ̀lú ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí ọmọ sì wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà lè ka ṣaworo, ó lè yan ríbọ́ọ̀nù, ó lè na èyí tó kàn sí ẹni tó ń so ó. Ibi aṣọ rírán yẹn ni àwọn àǹtí ti máa ń sọ ohun tí wọn kì í sọ níbòmíràn. Ní ti àwọ̀, ẹ bi ìyá àgbà tàbí ọmọ fúnra rẹ̀. Àwọn kan ń gba àwọ̀ tiwọn lójú àlá, wọ́n sì lè ní kí ẹ dúró dè é.

Aṣọ kọ́tìnnì tó nípọn díẹ̀ ló dára, nítorí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á fà ya lábẹ́ ìwọ̀n páànù. Ẹ fi àyè sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ àti ní ìsàlẹ̀ kí ẹ lè tú u sílẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ so ṣaworo mọ́ ọ̀já gbọọrọ kí ẹ tó rán ọ̀já mọ́ aṣọ. Bí aṣọ bá kéré, ẹ ó kàn tú ọ̀já ni, ẹ ó sì gbé e lọ sára tuntun. Kí ṣaworo sún mọ́ra tó láti kanra. Ẹ má ṣe jù ú sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ẹ fi aṣọ tútù nu ibi tó bá dọ̀tí, kí ẹ sì fẹ́ ẹ sí atẹ́gùn.

Èyí tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ayẹyẹ Halloween, ẹ má rà á. Bí ẹ kò bá lè rán an, ẹ wá obìnrin ọmọ onílẹ̀ tó ń rán an, kí ẹ san owó iṣẹ́ rẹ̀ pé.

Ìyẹ́ idì ńkọ́? Ṣé ọmọ lè lò ó?

Wọ́n ń fúnni ní ìyẹ́ idì ni, a kì í rà á. Ní Amẹ́ríkà, òfin tó ti wà láti 1940 kò fàyè gba ẹnikẹ́ni láti ní ìyẹ́ idì bí kò ṣe ẹni tí òfin yọ̀ǹda fún, bí àwọn ọmọ ẹ̀yà tí ìjọba àpapọ̀ mọ̀. Bí àgbà bá fún ọmọ yín ní ọ̀kan, kó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, kí ẹ sì bi àgbà náà bí ẹ ó ṣe tọ́jú rẹ̀.

Bí ìyẹ́ bá jábọ́ lára rẹ̀ nínú agbo, kó dúró síbi tó wà. Kó má gbé e, kí ẹ̀yin náà má gbé e. Àwọn tó ń bójú tó agbo á pe ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i, lọ́pọ̀ ìgbà ológun tó ti jà lójú ogun, pẹ̀lú orin tirẹ̀. Ẹ ti sọ èyí fún un tẹ́lẹ̀ kí ẹ̀rù má bà á nígbà tí gbogbo nǹkan bá dákẹ́.

Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó máa wọ agbo?

Níbòmíràn, kò sí ayẹyẹ kankan: ó wọlé pẹ̀lú àwọn yòókù ní ìwọlé ńlá tí gbogbo oníjó fi ń ṣí powwow, ó sì bẹ̀rẹ̀. Níbòmíràn, ìdílé máa ń dúró de ọjọ́ kan tí wọ́n yàn. Olóòtú ètò á pe orúkọ rẹ̀ àti ti àwọn òbí rẹ̀, àgbà kan á gbàdúrà, wọ́n á fi èéfín ewé sage tàbí koríko olóòórùn dídùn wẹ̀ ẹ́. Onílù á kọ orin ìbọ̀wọ̀ fún un. Òun á ṣáájú, ìdílé á tẹ̀ lé e, àwọn tó mọ̀ ọ́n á bọ́ sílẹ̀ wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ kí wọ́n tó dara pọ̀ lẹ́yìn.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀bùn, ìdílé ọmọ ló sì ń fúnni: búláńkẹ́ẹ̀tì fún àwọn àgbà àti onílù, aṣọ, ife, oúnjẹ, nǹkan kéékèèké fún àwọn ọmọdé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí kó o jọ láti oṣù púpọ̀ ṣáájú. Ẹni tó kọ́ ọ níjó ni kó kọ́kọ́ gba tirẹ̀. Ẹ kọ́ ọmọ láti sọ miigwech, ìyẹn ẹ ṣé, kó sì sọ ọ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ṣé kó máa díje? Owó wà níbẹ̀.

Owó wà níbẹ̀ lóòótọ́ ní àwọn powwow ńlá, pàápàá fún àgbà, kò sì sí ohun tó burú nínú kí oníjó gba èrè làálàá rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọmọ kékeré kọ́kọ́ lọ sí àwọn powwow ìbílẹ̀ tí kò sí ìdíje nínú wọn. Bí ó bá ti ń wo adájọ́, kò ní rántí ẹni tó ń jó fún. Tó bá ti lè dá ìtàn náà sọ lẹ́nu ara rẹ̀, kó máa lọ.

Ó ti ní òun kò jó mọ́. Aṣọ ti wà nílẹ̀.

Ẹ gbé aṣọ náà kọ́ síbi tó mọ́, kí ẹ má ṣe halẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà mìíràn, ojú ló ń tì í nítorí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí i níléèwé. Ẹ wádìí ìyẹn. Nígbà mìíràn, aṣọ ń họ ọ́ lọ́rùn. Àwọn ọmọ kan máa ń padà lẹ́yìn ọdún kan, àwọn mìíràn kì í padà mọ́. Bí kò bá padà, kí ó fúnra rẹ̀ gbé aṣọ náà lé àbúrò tàbí ọmọ ìbátan lọ́wọ́, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àgbà tó kọ́ ọ.

Ẹnìkan ní kó wá jó fún ìyá òun tó ń ṣàìsàn. Ṣé ọmọdé lè gbà bẹ́ẹ̀?

Ó lè gbà á, ìdí tí ijó náà fi wà gan-an nìyẹn. Tábà ni ẹni náà á fi tọrọ, ọmọ á sì gbà á níwájú òbí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó má dá nìkan ru ẹrù yẹn. Kí àgbà obìnrin kan jó pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ sọ fún un kó tó jó pé àdúrà ni iṣẹ́ rẹ̀, pé ìyókù kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára púpọ̀. Bí aláìsàn náà bá kú, ọmọ tí wọn kò sọ èyí fún á rò pé ẹsẹ̀ òun ni kò dára tó. Ẹ má ṣe jẹ́ kó débẹ̀. Lẹ́yìn ijó, kó jẹun, kó sinmi, kí ẹ bi í léèrè bí ó ṣe rí lára rẹ̀.

Tó bá ti ń rí nǹkan oṣù ńkọ́?

Ní ọ̀pọ̀ ìlú, obìnrin kì í wọ agbo tàbí fọwọ́ kan àwọn ohun ìjọsìn ní àsìkò yẹn. Ohun tí àwọn ìyá àgbà ń sọ ni pé agbára tó wà lára rẹ̀ nígbà náà pọ̀, kì í ṣe pé ó dọ̀tí. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin kan lónìí ń ṣe é ní ọ̀nà mìíràn. Kí ìyá àgbà tàbí àǹtí rẹ̀ bá a sọ ọ́ kí ọjọ́ náà tó dé, ní kọ̀rọ̀, kó má jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà agbo ni yóò ti gbọ́.

Ṣé a lè ya fọ́tò, ká gbé e sórí Facebook?

Ẹ tẹ́tí sí olóòtú ètò. Bó bá ní kí wọ́n má ya àwòrán orin kan, kí gbogbo fóònù wálẹ̀, kódà bó bá jẹ́ ọmọ yín ló ń jó. Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó ya ọmọ ẹlòmíràn. Orin tí wọ́n kọ fún òkú tàbí fún aláìsàn, mi ò rò pé ó yẹ lórí Facebook rárá.

Kristẹni ni wá. Ṣé kì í ṣe ìbọ̀rìṣà ni?

Ẹ̀yin ni ẹ máa pinnu, ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tó jẹ́ kí ẹ tó pinnu. Àdúrà ìwòsàn ni, sí Ẹlẹ́dàá tí wọ́n ń pè ní Gichi-Manidoo, orúkọ kan náà tí àwọn Kristẹni Anishinaabe fi ń pe Ọlọ́run nínú orin ìsìn wọn. Àwọn kan ń lọ sí Máàsì ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, wọ́n sì ń jó lọ́sàn-án. Àwọn kan kò jó nítorí ìgbàgbọ́ wọn.

Ohun tí mi ò fara mọ́ ni kí òbí gbà kí ọmọ jó, kó wá sọ fún un pé kó má ka àdúrà rẹ̀ sí, pé eré lásán ni. Ìyá àgbà tó kọ́ ọ kò fún un ní eré lásán. Bí ọkàn yín kò bá gbé e, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ sì máa bá wọn ṣe ọ̀rẹ́.

Ìyá ọmọ mi Anishinaabe ni, èmi Yorùbá. Àwọn kan ní kò jọ ọmọ ibẹ̀.

Ọmọ ibẹ̀ ni. Àwọ̀ ara kọ́ ló ń sọni di ọmọ Anishinaabe. Ẹbí ni, àti àwọn tó pè é ní tiwọn. Àwọn ọmọ onílẹ̀ tó dúdú pọ̀ tó ń jó ní agbo. Ọ̀rọ̀ ìwé ọmọ ẹ̀yà tí ìjọba ń fi ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ (iye àwọn baba ńlá ẹni tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀) ṣírò ní àwọn ibìkan, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Ó kan ìyẹ́ idì àti àwọn ẹ̀tọ́ kan, kò kan bóyá ìyá àgbà rẹ̀ lè kọ́ ọ níjó.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ ọ̀rọ̀ àlùfànṣá sí i, kí ìdílé ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ dáhùn. Iṣẹ́ tiyín, bàbá, ni kí ẹ wà níbẹ̀: ẹ gbé àga àwọn àgbà, ẹ wakọ̀ wá, ẹ dìde nígbà tí wọ́n bá kọ orin ìbọ̀wọ̀. Bó bá jẹ́ pé irun ló fẹ́ dì fún ijó, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi tipátipá nà án kó lè jọ ti ẹlòmíràn.

Yorùbá ni àwa méjèèjì. Ọmọ wa fẹ́ jó o nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń jó. Kí ni ká ṣe?

Ìlù gbogbo-ayé wà ní powwow, níbi tí olóòtú ètò ti máa ń pe gbogbo ènìyàn wọ agbo, onílé àti àlejò, nínú aṣọ tí wọ́n wọ̀ wá. Kó wọ ibẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀, kó jó bó ṣe mọ̀ ọ́n. Aṣọ ṣaworo yàtọ̀ sí ìyẹn. Ẹ má rán an, ẹ má rà á, ẹ má sì jẹ́ kí olùkọ́ kankan wọ̀ ọ́ fún un lọ́jọ́ àṣà níléèwé. Lọ́jọ́ yẹn, kó wọ ìró àti bùbá.

Kò túmọ̀ sí pé ilẹ̀kùn tì pátápátá. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé obìnrin àgbà kan rí ọmọ àlejò tó ń wá lọ́dọọdún, tó ń gbọ́ràn, tó ń ran àwọn àgbà lọ́wọ́, ó sì sọ pé kó wá. Ìkésíni yẹn gbọ́dọ̀ ti ọ̀dọ̀ wọn wá láìjẹ́ pé ẹ tọrọ rẹ̀, ẹ má sì ṣèlérí rẹ̀ fún ọmọ. Bó bá dé, kí obìnrin tó pè é wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú agbo, kó sì jẹ́ òun ló máa sọ fún olóòtú ètò ọmọ ta ni àti ẹni tó mú un wá.